Obìnrin Tí Kò Lè Fa Ayùn

Nígbà tí Ògúntádé káfíńtà kú ní oṣù kẹfà ọdún 1954, ohun tó fi sílẹ̀ fún Sabina ìyàwó rẹ̀ kò ju ọmọbìnrin kan, Folúkẹ́, àti ìsọ̀ káfíńtà kan lójú ọ̀nà Pedro ní Ṣómólú, níbi tí ọkùnrin mẹ́fà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹbí ọkọ ní kó ta ìsọ̀ náà. Àwọn ará tirẹ̀, àwọn Ìlàjẹ apẹja tó tẹ̀dó sétí ọ̀sà ní Bàrígà, ní kó padà wá máa yan ẹja bó ti ń ṣe kó tó lọ́kọ. Sabina kò gba ti ẹnì kankan.

"Ọwọ́ ọkọ mi ló kọ́ ìsọ̀ yìí," ó ní. "Kò ní ṣojú mi dahoro."

Ṣùgbọ́n ká kọ̀ láti ta nǹkan, ọ̀tọ̀ ni. Ká mọ bí a ó ti máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Sabina kò mọ ayùn ún fà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ di ìfági mú, igi há a lẹ́nu, ó fà á tì, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ọwọ́ bo ẹnu wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Wàhábì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ni àgbà láàárín wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú tí irun rẹ̀ ti funfun, tó ti bá Ògúntádé ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ó rọra gba ìfági náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Folúkẹ́, ẹ lọ jókòó. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí igi ṣe yín léṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Sabina ju ẹ̀rín àwọn yòókù lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ariwo kan ṣoṣo ló gba ìgboro: ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti ní gbogbo ọmọ ni yóò wọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé tuntun kan ní Bàrígà, Ọ̀gbẹ́ni Adéjìmí, ẹni tó ń wá àga sí i, sì ti gbọ́ orúkọ Ògúntádé rí. Ó wá sí ìsọ̀ náà. Ọgọ́ta bẹ́ńṣì àti ọgọ́ta tábìlì ló fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ọmọ tó wọlé.

Wàhábì mi orí. "Nígbà ayé ọ̀gá wa gan-an, bẹ́ńṣì àti tábìlì pa pọ̀, mẹ́fà péré là ń kàn lọ́sẹ̀, sà."

"A ó ṣe é," Sabina dáhùn kí ẹlòmíràn tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Wàhábì yíjú sí i. "Ìyá Folúkẹ́, ẹ ti fi ẹnu gbé ẹrù tí ọrùn wa kò lè rù."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Sabina ń pariwo, ó ń káàkiri, ó ń sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n yára. Mẹ́fà ni wọ́n kàn ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, márùn-ún.

Ìgbà náà ló gbọ́ nípa Tíṣà Adébọ̀dé. Ọkùnrin yìí ti ṣe akọ̀wé fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan rí, wọ́n sì ti rán an lọ sókè òkun láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́. Ní ọ̀sán gbogbo Sátidé, ó máa ń kọ́ àwọn tó ní ìsọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nínú iyàrá ilé-ìwé kan ní Obaníkòró. Sabina, tó ka ìwé dé kíláàsì kẹrin, wọlé, ó bá àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn atẹ̀wé àti àwọn onílọ́rì níbẹ̀. Òun nìkan ni obìnrin.

"Iṣẹ́ ọ̀gá kì í ṣe ariwo," Tíṣà sọ fún wọn. "Ohun mẹ́rin ni. Kó ro iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Kó tò ó, kí oníkálukú mọ ipò rẹ̀. Kó darí àwọn tó ń ṣe é. Kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń lọ bó ti rò ó."

Sabina nawọ́. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀gá náà kò bá mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ńkọ́?"

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò bá wọn rín in.

"Iṣẹ́ wo ni bàbá yín ń ṣe, ìyá?"

"Apẹja ni wọ́n. Àwọ̀n ńlá ni wọ́n ń lò, èèyàn mẹ́wàá ló ń fà á."

"Ṣé àwọn ló ń fà á jù?"

"Rárá o, wọn kì í fà á mọ́. Wọ́n ti dàgbà nígbà yẹn. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á máa wo omi, wọ́n á máa sọ ẹni tó máa fà, ẹni tó máa tú u sílẹ̀, àti ìgbà tí…"

Ẹ̀rín ti parẹ́ nínú iyàrá.

"Ẹ jókòó, ìyá," Tíṣà sọ pẹ̀lẹ́. "Ẹ ti dá ara yín lóhùn."

Ní ọjọ́ Ajé, Sabina gbé àpótí sí igun ìsọ̀, ó jókòó pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn ń wò. Ó rí i pé oníkálukú ló ń kan bẹ́ńṣì tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìfági tó wà nílẹ̀ kò ju méjì lọ, nítorí náà bí èèyàn méjì bá ń fági, mẹ́rin á káwọ́ gbera. Ẹ̀yìnkùlé ni pákó wà, olúkúlùkù ló ń rìn lọ rìn bọ̀ láti gbé tirẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé kò sẹ́ni tó ń gé igi àfi bí Wàhábì bá wọ̀n ọ́n fún un, wọ́n á sì tò sẹ́yìn rẹ̀ bí àwọn tó ń dúró de omi ẹ̀rọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pè wọ́n jọ. Japhet, tí ayùn mọ́ lọ́wọ́ jù, ni kó máa gé igi, kó má ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn méjì á máa fági. Ṣàkírù àti ẹnì kejì rẹ̀ á máa tò ó pọ̀, wọn á máa kàn án. Ó ní kí wọ́n kó pákó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Japhet. Ó sì bẹ Wàhábì pé kó wọn ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì kan péré dáadáa, kí Japhet máa fi gé gbogbo ìyókù.

Ojú Wàhábì le. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kan àga látòkèdélẹ̀. Èmi ni ẹ wá fẹ́ fi wọn ẹsẹ̀ kan, kí n wá máa wòran?" Ó wọn ẹsẹ̀ náà, ó jù ú sílẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ náà sì yá láìsí i. Mọ́kànlá ni wọ́n kàn lọ́sẹ̀ yẹn! Ṣàkírù ń kọrin, Sabina ń fò fáyọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kan mẹ́rìnlá. Ìgbà tó di Sátidé ni Sabina jókòó lórí ọ̀kan, bẹ́ńṣì náà sì mì lábẹ́ rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ó bọ́ sórí òmíràn. Ìyẹn náà mì. Kò sí èyí tó dúró ṣinṣin nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.

Wọ́n wádìí rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí Wàhábì wọ̀n ti là sí méjì láàárín ọ̀sẹ̀, Japhet sì ti fi ẹsẹ̀ tó gé gé òmíràn, ó tún fi òmíràn yẹn gé èyí tó kù, àṣìṣe sì ń gun àṣìṣe lẹ́yìn. Japhet dọ̀bálẹ̀, òógùn bò ó.

"Dìde," Sabina sọ fún un. "Ẹ̀bi mi ni. Mo ro iṣẹ́, mo tò ó, mo darí yín. N kò yẹ̀ ẹ́ wò."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó lọ sílé Wàhábì ní Fádèyí. Ó kúnlẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀, Rọ̀kíbátù.

"Ọ̀gá Wàhábì, ọwọ́ yín kọ́ ni mo wá tọrọ. Ojú yín ni. N kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní in ní gbogbo Ṣómólú. Bí ẹ bá padà, bẹ́ńṣì kankan kò ní kúrò nílẹ̀ àfi bí ẹ bá ní ó dára. Bí èmi bá ní kó lọ, tí ẹ̀yin ní kò gbọdọ̀ lọ, kò ní lọ."

Rọ̀kíbátù ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú un lọ. Gbogbo àga inú ilé yìí ló ti tú, tó sì tún kàn, láti ọjọ́ tó ti wà nílé. Àná ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibùsùn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Wàhábì kó tó lè dá a dúró.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dé ìsọ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ náà, ó kọ bẹ́ńṣì méje, Ṣàkírù sì ń kùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kọ méjì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá láìjẹ́ pé ó kọ ẹyọ kan. Mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń kàn lọ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní àbá, Sabina á gbọ́ ọ; Ṣàkírù ló tiẹ̀ ní kí wọ́n máa lu ihò ìṣó sílẹ̀ kí igi má baà là mọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àdéhùn pé, lọ́rì kó ẹrù ìkẹyìn lọ sí Bàrígà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ilé-ìwé, táyà rì sínú yanrìn, kò lọ, kò bọ̀. Japhet kò dúró gbọ́ àṣẹ. Ó gbé bẹ́ńṣì kan lérí, ó ń lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà rí Sabina láàárín wọn, wọ́n fi ẹja sílẹ̀, wọ́n sáré wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Orin bẹ́ sílẹ̀. Ìyá Sabina fúnra rẹ̀, arúgbó tó ń tẹ̀pá, ń ké ní èdè ilé wọn pé, "Ọma mi! Ọma mi rè é o!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ru ẹrù náà wọ ọgbà ilé-ìwé bí ẹní ń mú ìyàwó lọ sílé ọkọ.

Ọ̀gbẹ́ni Adéjìmí dojú bẹ́ńṣì kan délẹ̀, ó mi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó lé e. Ó gun orí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kan èyí?"

"Kò sẹ́ni tó lè sọ, sà," Ṣàkírù dáhùn. "Gbogbo wa ni."

Ó kọjú sí Wàhábì onírun funfun. "Bàbá, ẹ̀yin ni ọ̀gá wọn?"

"Èmi kọ́ o," Wàhábì ní, ohùn rẹ̀ sì ròkè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Ọ̀gá wa ló dúró lọ́hùn-ún yẹn. Wọn kò lè fa ayùn. Ṣùgbọ́n ká ní wọn kò sí, à bá ṣì máa wá ìfági kiri."

Gbogbo ọgbà náà pariwo. Sabina, tí yanrìn kún etí ìró rẹ̀, kò mọ ibi tí ó máa wò.

Ọ̀gbẹ́ni Adéjìmí ní ilé-ìwé mìíràn wà ní Obaníkòró, ogójì tábìlì ni wọ́n ń wá. Ṣé wọ́n lè ṣe é?

"Ẹ fún wa di ọ̀la, sà," Sabina dáhùn. "N ó kọ́kọ́ bá àwọn èèyàn mi jíròrò."

Iwájú ilé ìyá rẹ̀ létí ọ̀sà ni wọ́n ti jíròrò náà, ẹja yíyan gbígbóná lọ́wọ́ gbogbo wọn. Japhet ní àfi kí wọ́n ra ìfági kẹta. Wàhábì ní irọ́ ni, kí wọ́n kọ́kọ́ pọ́n méjì tó wà nílẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn jà, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Sabina sì ń gbọ́ tọ̀tún tòsì.