Oṣù Mẹ́rin ní Ẹ̀bá Ọya

"Baba, ẹ kì í ṣe tiwa," ni obìnrin akọ̀wé ọ́fíìsì pẹ́nṣàn náà wí. Ó ti fáìlì náà padà síwájú Alhaji Àbdùlkàdírì bí ẹni tó ń dá oúnjẹ tí kò fẹ́ padà fún alásè.

Alhaji ò dìde. Ó ṣí fìlà lórí, ó fi nu òógùn iwájú orí, ó tún un dé. "Ìlọrin yìí ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yìn Ìpàtà ni ilé bàbá mi wà. Bí mi ò bá jẹ́ tiyín, ta ló wá ni mí?"

"Mi ò bèèrè ilé bàbá yín, sà. Níbo lẹ ti dájọ́ gbẹ̀yìn kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?"

"Ẹ̀bá Ọya."

"Ó tán." Ó na ọwọ́ méjèèjì síta. "Ẹ̀bá Ọya ti bá ìpínlẹ̀ tuntun lọ. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti máa san pẹ́nṣàn rẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ wọn."

"Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ àwọn nìkan làwọn ń san fún. Wọ́n ní kí n máa lọ sí Ìlọrin, níbi tí wọ́n bí mi sí."

"Àwọn náà ò ṣáà parọ́ mọ́ yín," ni obìnrin náà wí, ojú rẹ̀ sì ti kúrò lára Alhaji, ó ti wà lára ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkùnrin tí wọ́n ń lé káàkiri bí àgùntàn tó ṣìnà yìí, ó dín díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún tó fi jẹ́ Alíkálì, adájọ́ kóòtù Mùsùlùmí. Ìjọba ń gbé e láti kóòtù ìlú kan dé ti òmíràn. Bó bá wúkọ́ lórí àga, gbogbo kóòtù á pa rọ́rọ́. Ẹ̀bá Ọya, ìlú àwọn apẹja kan létí odò ńlá, ni wọ́n gbé e lọ kẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì ní oṣù Júláì ọdún 1991, tó sì kó ẹrù rẹ̀ wálé. Kò tíì tú ẹrù náà tán nígbà tí rédíò sọ ní Ọ́gọ́ọ̀sì pé ìjọba ológun ti gé ìpínlẹ̀ sí méjì. Ó gbọ́ ọ, ó ní kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Kò mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n gé.

Ọdún kan ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà, òmíràn sì ti ń lọ sí ìdajì. Àwọn awakọ̀ Ọ̀fà Garaji ti mọ̀ ọ́n lójú, nítorí ìlọ àti àbọ̀.

Ó ti dé abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ọ́fíìsì náà nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Mùtíù ni. Mùtíù ti ṣe akọ̀wé kóòtù fún un rí kí ó tó wá bá iṣẹ́ pẹ́nṣàn. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn níbẹ̀ láìwo ti ṣòkòtò funfun tó wọ̀.

"Dìde, dìde. Mùtíù, bá mi sọ òótọ́. Níbo ni owó yẹn wà gan-an? Owó tí wọ́n ń gé pamọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí wá."

Mùtíù gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún. "Alhaji, ta ló sọ fún yín pé ẹnìkan ń gé nǹkan pamọ́? Kò sí àpótí kankan níbì kankan. Bí owó bá ti Àbújá dé lóṣooṣù, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bù. Wọ́n á bù fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á bù fún títì, wọ́n á bù fún ilé ìwòsàn. Èyí tó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni ti ẹ̀yin àgbà. Bí ó bá kù."

"Ti àwa adájọ́ náà?"

"Ẹ̀yin gan-an! Òfin ní kí pẹ́nṣàn adájọ́ nípọn, kí ebi má baà jẹ́ kó gba rìbá nígbà tó wà lórí àga. Ó dáa nínú ìwé. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ìpínlẹ̀ ti di méjì, ẹni tó bá nípọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì sọ́dọ̀ ẹnìkejì."

Gbogbo ọdún tí Alhaji fi ń dá owó padà fún àwọn ẹlẹ́jọ́, tó ń lé àgbò ọdún kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àpótí kan ló wà lọ́kàn rẹ̀ tó rò pé ó ń kún díẹ̀díẹ̀ níbì kan.

Mùtíù sún mọ́ ọn. "Ọ̀nà wà. Ẹ búra ní kóòtù pé wọ́n ti gbé yín padà sí Ìlọrin ní ìparí oṣù Máàṣì, pé ibí lẹ wà títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Fáìlì ti dàrú nígbà tí wọ́n ń pín in. Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn olùkọ́ mélòó kan ti ṣe irú ẹ̀, wọ́n ti ń gbowó. Oṣù mẹ́rin péré lẹ máa mú kúrò, Alhaji. Kí ni oṣù mẹ́rin?"

Nígbà tí Alhaji délé, Hàúwà ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́. Fìlà ló ń ṣe tà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì lókìkí nígbà kan. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ti òsì náà sì ti ń ṣú bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Dókítà ní omi ló ń ti ojú náà láti inú. Ó ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i kò gbọdọ̀ já, torí pé èyí tó bá ti lọ kò tún ní padà. Oògùn náà ti já lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Gàní. Kí ni wọ́n wí?"

Ó sọ ti akọ̀wé náà fún un, ó sì sọ ti Mùtíù. Ó rò pé yóò pariwo. Hàúwà kàn gbé abẹ́rẹ́ náà jẹ́ẹ́ sórí ẹsẹ̀.

"Ta ni oṣù mẹ́rin yẹn máa pa lára?"

"Kò pa ẹnikẹ́ni lára."

"Ṣé ẹ kò sin ìjọba ní oṣù mẹ́rin náà ni?"

"Mo sìn ín."

"Ẹ ò wá jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Owó yín náà lẹ ń gbà. Ẹ lọ búra fún wọn jàre, kí Ọlọ́hun foríjì wá. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa fi ọwọ́ wá ojú yín kiri inú ilé?" Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀rín náà sì dun Alhaji ju ẹkún lọ.

Ó ṣe alùwàlá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ agbádá, ó lọ bá Mùtíù ní kóòtù ńlá. Wọ́n ti tẹ ìwé náà sílẹ̀. Bàbá tó ń mú ènìyàn búra níbẹ̀ ṣí aṣọ kúrò lórí Kùránì, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó wá ń ka ìwé náà sókè gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀:

"Èmi, Alhaji Àbdùlkàdírì, mo búra pé láti ìparí oṣù Máàṣì ọdún 1991, n kò jókòó ṣe ìdájọ́ kankan mọ́ ní Ẹ̀bá Ọya..."

"Ẹ dúró," ni Alhaji wí. "Ẹ tún ibẹ̀ kà."

Bàbá náà tún un kà. Alhaji ti gbé ọwọ́ kúrò lórí Kùránì.

Asabe ló rí lọ́kàn rẹ̀. Opó kan ní Ẹ̀bá Ọya ni, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní kóòtù ní oṣù Júùnù ọdún náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Garba, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti gbé ìbùsùn òun àwọn ọmọ sójú títì, ó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ti di tòun. Alhaji pín ogún náà bí Kùránì ṣe pín in, ilé sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ náà, Garba fi ìka kan ilẹ̀, ó lá a, ó ní bó pẹ́ bó yá òun máa gba ilé náà padà. Alhaji sì ti gbọ́ ní ìrìn àjò rẹ̀ tó kẹ́yìn pé Garba ti gba lọ́yà.

Bí òun bá wà ní Ìlọrin ní Júùnù, ta ló wá pín ogún fún Asabe? Ọkùnrin kan lásán ni, tó kàn wọlé láti ojú títì, tó gun àga. Kì í sì í ṣe Asabe nìkan. Àwọn obìnrin wà tí òun kọ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fún ní oṣù Méè. Wọ́n ti ṣe ìdáà, ìdúró oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, tán, wọ́n ti lọ́kọ mìíràn, àwọn kan ti bímọ. Bí òun bá fi ọwọ́ lé ìwé yìí, ọkọ méjì ni olúkúlùkù wọn ní.

"Alhaji, kí ló dé?" ni Mùtíù sọ sí i létí.

"Mùtíù, ìwọ ṣe akọ̀wé mi. Bí ènìyàn bá búra ní kóòtù, ta ló lè gba ẹ̀dà ìwé náà?"

"Ẹni tó bá sanwó."

"Garba ní owó."

"Ta ni Garba?" Nígbà tí Alhaji ṣàlàyé, Mùtíù gbé ojú sókè bí ẹni tó ń wá sùúrù lókè àjà. "Ẹ̀bá Ọya jìnnà sí ibí! Ta ló máa lọ sọ fún un? Ẹ̀yin ń sunkún ilé Asabe, ojú Ìyá Gàní ńkọ́?"

"Má fi ojú ìyàwó mi bú mi."

"Ẹ dákun, sà. Mi ò bú yín." Mùtíù ká ìwé náà, ó fi sí àpò.

Hàúwà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó ní, "Nítorí náà, ojú mi ni yóò san owó ilé Asabe."

Alhaji wo ilẹ̀.

"Ẹ dá mi lóhùn. Adájọ́ ni yín. Ṣé bó ṣe rí kọ́ nìyẹn?"

"Bó ṣe rí nìyẹn."

Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri wọlé. Kò bá a jẹun. Wọ́n kí ìrun Alásàárì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé kan náà, èyí tí wọn kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Alhaji jókòó sí gbàgede, kò ka nǹkan, kò fa tẹ̀súbáà. Ó rò ó wò pé bí Hàúwà bá jáde tó sì tún ní kí òun lọ búra, òun kò mọ̀ bóyá òun yóò lè kọ̀.

Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí Hàúwà jáde. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò jókòó.

"Ọmọ mélòó ni obìnrin yẹn bí?"

"Mẹ́rin."

Ó mí kanlẹ̀. "Bí ọkùnrin méjì bá dé iwájú yín, tí olúkúlùkù ní ọmọ kì í ṣe ti òun, ti ẹnìkejì ni, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sọ ọ́ lójú ara wọn."

"Ẹ wá ránṣẹ́ pè wọ́n."

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò yé Alhaji. Nígbà tó yé e, ó dìde. "Ìjọba méjì? Kí èmi pe ìjọba lẹ́jọ́? Hàúwà, ó lè gba ọdún."

"Mo mọ̀."

"Kó tó parí, ojú rẹ..."

"Mo ní mo mọ̀!" Ohùn rẹ̀ gòkè, ó sì tún rọlẹ̀. "Ẹ ta mọ́tò Píjò tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn. Adìẹ ló ń yé sínú ẹ̀ báyìí. Ẹ fi ra oògùn, ibi tó bá gbé ojú náà dé kó gbé e dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ẹjọ́ náà, èmi náà ń bá yín lọ. Kí wọ́n wò mí."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹjọ́ náà, Alhaji mú Hàúwà lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, wọ́n rìn wọ kóòtù. Ìránṣẹ́ kóòtù kan tó mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́ sáré gbé àga onítìmùtìmù wá sí ẹ̀gbẹ́ àwọn lọ́yà. "Alíkálì, ẹ máa bọ̀ níbí, sà."

"Ó ṣeun, ọmọ mi. Olùpẹ̀jọ́ ni mí lónìí." Ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì gbọọrọ tó wà lẹ́yìn. Ọkùnrin kan tó gbé àpò iṣu sílẹ̀ níbẹ̀ sún fún wọn.

Hàúwà fọwọ́ tọ́ pákó bẹ́ǹṣì náà wò. "Níbo la jókòó sí?"

"Láàárín àwọn tó wá rojọ́."

"Ibi tí ẹ̀yin máa ń jókòó sí ńkọ́?"

"Ó wà níwájú wa lọ́hùn-ún."

"Báwo ló ṣe rí láti ibí?"

Alhaji Àbdùlkàdírì gbé orí sókè. Ó wo àga náà pẹ́, ó wo àwọn àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gùn ún.

"Ó ga," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ó ga tó báyìí."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Akọ̀wé ké "Kóòtù!" Alhaji di ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì dìde pẹ̀lú àwọn yòókù.