Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Roboto

Ọwọ́ gígùn ni gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà ní tẹ́lẹ̀, èyí téèyàn ń tẹ̀ sísàlẹ̀ tí yóò ṣí. Ìyá àgbà fẹ́ràn wọn bí ọmọ. Làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ kò bí ẹ̀ka igi gbígbẹ, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yá gágá. Á fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, á gbé orin:

Ọwọ́ ń dùn mí, ìgbọ̀nwọ́ ò dùn mí o,
Ẹni tó nígbọ̀nwọ́ kì í sùn síta!

Orin yìí ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ kórìíra. Kó máa dáná, orin á wọlé. Kó máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, orin á wọlé. Lọ́jọ́ Ajé, ó pe káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ó ní kó tú gbogbo ọwọ́ gígùn, kó fi roboto sí i, èyí téèyàn ń fún mọ́wọ́ kó tó yí i.

"Ìyàwó, mi ò lè yí èyí o."

"Ẹni tí ò bá lè yí i, Mama, kó jókòó síbi tó wà."

Káfíńtà wolẹ̀. Ìyá ṣa àwọn ọwọ́ àtijọ́ sínú ike, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Sílípáàsì ló wá fi ń há ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kó má baà dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó fẹsẹ̀ gbá sílípáàsì dànù, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàmù. Ìyá kànkùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kí ọmọ rẹ̀ tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti tọ̀ sára.

"Mo rò pé wọ́n ń sùn ni," ni ìyàwó wí fún ọkọ rẹ̀. Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Ìyá ò rojọ́. Ó fọ aṣọ rẹ̀, ó sì búra pé òun ò tún ní tọ̀ sára nínú ilé ọmọ òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nílé. Ìyàwó wọ balùwẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ bo ara tán ni omi ẹ̀rọ dá, táwẹ́ẹ̀lì sì wà ní yàrá. Ó di roboto mú, ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀.

"Mama! Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn! Ọṣẹ ti wọ̀ mí lójú!"

Ìyá tẹ ọ̀pá dé ẹnu ọ̀nà. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Mama!"

"Èmi wo? Èmi tó ní kí n jókòó síbi tí mo wà?"

"Ẹ má fi mí ṣeré!"

"Eré kọ́. Ìka tí ò lè yí i lọ́jọ́ Ajé náà ló ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ké sí káfíńtà. Ìyẹn sáré dé, ó nawọ́ sí roboto. Ìyá fi ọ̀pá dí i.

"Dúró ná. Bi oníbàárà rẹ, irú ọwọ́ wo ló fẹ́?"

"Mama, ọmọ ọlọ́mọ ń sunkún!" ni káfíńtà wí.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́, ta ló sunkún?"

Nínú balùwẹ̀, ìyàwó fún eyín pọ̀: "Gígùn."

"Níbo?"

"Yàrá yín."

Ọ̀pá ò kúrò.

"Gbogbo ẹ̀! Gbogbo ilé! Ìyá yìí!"

Ìyá lọ mú táwẹ́ẹ̀lì wá. Káfíńtà yí roboto, ó kọ ẹ̀yìn síbẹ̀. Ìyàwó kọjá lọ bí ìjì, kò dúpẹ́, kò wẹ̀yìn.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí káfíńtà ti dá àwọn ọwọ́ inú ike padà sára gbogbo ilẹ̀kùn tán, ìyá fúnra rẹ̀ pa ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dé. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́: ó ṣí. Ó tún pa á dé, ó tún ṣí i, ó gbé orin. Ní kíṣìnnì, ẹnì kan gbá ìkòkò mọ́lẹ̀. Ìyá gbé orin sókè sí i.