Àdúrà Nínú Ilé Adìẹ Mi

Lọ́dún 2008, Díkìnì Olúṣẹ̀yẹ ló kọ́kọ́ pariwo pé èmi Sẹ̀kínátù, Ìyá Kaosarah, ni mo kó lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ, wọ Lotto, àdúgbò wa. Ó dúró lẹ́nu géètì mi, ó ní mo pa adìẹ òun. Bẹ́ẹ̀ adìẹ tèmi náà ti ń kú, wọ́n ń lọ́ ọrùn, wọ́n ń yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé. Kò tilẹ̀ wo ìyẹn. Ojú ọkùnrin náà le bíi pákó.

Òun kan náà ló mà wá gbàdúrà nínú ilé adìẹ mi kí àrùn tó dé o! Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ifọ̀ dé, pé òun gbọ́wọ́ lé adìẹ Bùrọ́dà Dáníẹ́lì tó ń ṣàìsàn, ọ̀kan sì dìde lójú òun. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ta ló máa lé àdúrà jáde? Mo ṣílẹ̀kùn. Ó wọlé tòun ti bàtà, ó ń gbé adìẹ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń súre. Mo ṣe àmín títí ẹnu fi ń ro mí.

Bàbá Ògúnbọ̀dé ló ni ilẹ̀ tí mo ti ń sin adìẹ. Díkìnì lọ fẹjọ́ mi sùn wọ́n. Bàbá ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí n palẹ̀ mọ́. Kí n palẹ̀ mọ́ lọ síbo? Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun látìgbà tí ọkọ mi ti kú.

Mo ránṣẹ́ pe Morádéyọ̀, dókítà ẹran ọ̀sìn. Ó fi òwú nu ọ̀fun adìẹ mi àti ti Díkìnì, ó kó o sínú yìnyín lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó ní kòkòrò àrùn ní àmì ìdílé bí ilà ojú, ẹ̀rọ sì lè kà á. Bó bá ṣe ń ràn kiri, àmì náà á máa yí padà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn la fi ń mọ èyí tó bí èyí.

Díkìnì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ check ẹ dáadáa o, Dókítà. Ilé obìnrin yìí ló ti start.”

Nígbà tí èsì dé, Dókítà pè wá síwájú ilé Bàbá.

“Bàbá, Ọ̀gbẹ́ni Dáníẹ́lì ní Ifọ̀ náà ti pè wá, a sì ti yẹ adìẹ tiẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni àrùn yìí ti wá. Ti Díkìnì àti ti Ìyá Kaosarah, ọmọ tibẹ̀ ni méjèèjì. Ta ló ti Ifọ̀ bọ̀ nínú yín?”

Bàbá wo ojú mi. Èmi wo ojú Díkìnì.

Mo ní, “Díkìnì, ẹ sọ fún wọn bí adìẹ Dáníẹ́lì ṣe dìde.”

Òógùn bò ó. Ó ní àdúrà kì í kó àrùn ran ẹnikẹ́ni.

Dókítà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà. Bàtà yín àti ọwọ́ yín ló kó o.”

Bàbá bú Díkìnì bí ẹni ń bú ọmọdé. Wọ́n ní, “Sẹ̀kínátù, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.”

Iṣẹ́ wo? Ìyẹ́ nìkan ló kù nínú ilé adìẹ mi.

Nígbà tí mo tún kó ọmọ adìẹ dé, Díkìnì yọ sẹ́nu géètì. Ó ní òun wá tọrọ àforíjì, kí òun sì gbàdúrà sí iṣẹ́ tuntun náà. Mi ò ṣí géètì.

“Ẹ gbà á níta níbẹ̀ yẹn.”

Ó gbà á lóòótọ́, oòrùn ń pa á. Èmi ń fọ́n oúnjẹ fún àwọn ọmọ adìẹ mi. Mi ò ṣe àmín.