Maṣíìnì Àyálò Lórí Pèpéle

Ọjọ́ Ẹtì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olóore yọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníbàtà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan. Yíyá náà ló sì fẹ́ yá. Oṣù mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wọn fi kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà, àti bí wọn kò ṣe ní máa da owó iṣẹ́ pọ̀ mọ́ owó ilé. Ká má purọ́, ẹ̀kọ́ náà wúlò. Àmọ́ wọ́n tún ṣèlérí maṣíìnì mẹ́ta fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀la ni wọ́n máa pín in, méjì péré ló sì dé.

"Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ yá wa ní tiyín, ká kàn gbé e sórí pèpéle. Tá a bá ti ya fọ́tò tán, a ó gbé e padà."

Maṣíìnì yìí ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Òun ló fi ń rán awọ, òun ló fi ń tọ́mọ. Bàtà àwọn ọmọ iléèwé tó gbọ́dọ̀ parí kó tó di ọjọ́ Ajé kún ilẹ̀. Síbẹ̀, ojú tì í láti kọ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ maṣíìnì náà lórí pèpéle. Wọ́n lẹ bébà tó ní orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ ibi tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti mú kó máa dán.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún alága ẹgbẹ́ pé wọ́n yá a ni. Ó pe ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń rán báàgì, ó nawọ́ sí maṣíìnì kẹta. "Tìẹ rè é!" Ọmọbìnrin náà kígbe, ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Àtẹ́wọ́ ró. Ìyá Oníbàtà wojú akọ̀wé. Akọ̀wé gbójú sókè, ó ń wo fáànù.

Irú oore wo nìyẹn o? Kéèyàn fi ohun olóhun ta ẹlòmíì lọ́rẹ, kó sì tún máa gbàyìn! Ìyá Oníbàtà gun pèpéle.

"Ẹ dúró! Maṣíìnì mi nìyẹn."

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ni alága wí. "Àlejò wà níbí. A ó yanjú ẹ̀ nínú ilé."

"Inú ilé ta ni?"

Akọ̀wé sáré dé, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ìyá wa, ẹ má dójú tì wá."

"Ẹ̀yin lẹ dójú ti ara yín! Ẹ ní kí n ràn yín lọ́wọ́, ẹ wá sọ mí di ọ̀daràn lórí ohun tèmi." Ó ṣí bébà náà kúrò, ó fi lé alága lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin náà ti dìde. Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu omijé tó kán sára irin náà. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀."

Ìyẹn gan-an ló bí Ìyá Oníbàtà nínú jù, pé ẹni tí ò ṣẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí alága. "Sà, tèmi wá ńkọ́?"

Alága wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo ayafọ́tò.

"Fọ́tò yẹn dáa gan-an," ni ayafọ́tò wí. "Omijé ẹ̀ hàn dáadáa."