Ẹnu Tí Kò Pa Dé

Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni Bùsírátù gbé ọwọ́ lé Kùránì lójú gbogbo agbo ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹmọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ òun lòun mú aṣọ àrán tí Àsíátù, ìyáálé òun, ń wá, kí ẹnu òun má ṣe pa dé mọ́. Láàárọ̀ yìí, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi eyín fa ìko mọ́ aṣọ tí wọn yóò rẹ láró, bó ti ń ṣe láti kékeré. Ó yán. Nǹkan kan ró kọ́ níwájú etí rẹ̀ méjèèjì. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì pa dé mọ́.

Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìrora ta á dé àtàrí. Itọ́ ń ṣàn sórí ìró rẹ̀.

Àsíátù tó ń di aṣọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Kò pariwo. Ó rọra gbé aṣọ sílẹ̀, ó ní, "Kùránì kì í ṣe ìwé ìròyìn, ìyàwó. A kì í fi ṣeré."

Kíá ni àgbàlá kún. Àlájà, ìyá ọkọ wọn, bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wo inú ẹnu náà bí ẹni ń wo kànga. "Ọmọ mi, jẹ́wọ́. Bó o bá jẹ́wọ́, Ọlọ́run á bá wa dá a padà."

"Àlájà, ẹnu wo ni kó fi jẹ́wọ́?" ni obìnrin kan wí, àwọn kan sì fọwọ́ bo ẹ̀rín.

"Kó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré," ni Àlájà wí.

Bùsírátù wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá mi orí, wọn yóò dáwọ́ jọ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ olè yóò lẹ̀ mọ́ ọn títí ayé, yóò sì lẹ̀ mọ́ oyún inú rẹ̀ náà. Ẹ̀rù tún bà á: àbí nǹkan mìíràn wà tí òun ti ṣe tí òun gbàgbé?

Ó mi orí pé rárá.

"Ẹ ò rí oríkunkun," ni Àsíátù wí.

Ìgbà náà ni Mùsílíù, ọkọ wọn, wọlé. "Ṣé ìran lẹ ń wò ni?" Ó gbé Bùsírátù sínú mọ́tò. Àlájà wọlé tẹ̀ lé wọn. Àsíátù náà wọlé. Kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu náà lẹ́yìn òun.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbarà, Dókítà Tẹjúmádé tó ń tọ́jú eyín fi ìka tẹ iwájú etí rẹ̀. "Ó ti máa ń dùn ọ́ níbí tẹ́lẹ̀? Ó máa ń ró bó o bá ń jẹun?"

Bùsírátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Àdìrẹ oníko ni, láti kékeré," Mùsílíù dáhùn.

"Eyín ló sì fi ń fa ìko."

Dókítà wé aṣọ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, ó kì wọ́n bọ ẹnu náà, ó gbé wọn lé eyín ìsàlẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. "Má bá mi jà. Jẹ́ kí ara rẹ dẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Omi bọ́ lójú Bùsírátù. Ó ró kọ́.

Ẹnu pa dé.

Àsíátù sún mọ́ ọn.

"Mi ò mú àrán yín," ni Bùsírátù wí.

Àlájà tún gèlè rẹ̀ so. "Dókítà, ẹni tó búra òótọ́, ṣé irú èyí lè ṣe é?"

"Ìyá, oríkèé àgbọ̀n kì í gbọ́ ìbúra. Ìko tó ti ń fi eyín fà láti kékeré ló dẹ ibẹ̀. Bó bá ti wá yanu jù, á yẹ̀." Ó ń di báńdéèjì láti àgbọ̀n Bùsírátù dé àtàrí. "Ẹ̀kọ mímu ni fún ìsinsìnyí. Aṣọ gbígbóná lẹ́rẹ̀kẹ́. Bó o bá fẹ́ yán, fọwọ́ ti àgbọ̀n. Má sì tún fi eyín fa nǹkan kan mọ́."

Ó wá rí ọwọ́ Àsíátù tó ti wà níwájú etí ara rẹ̀ láti ìgbà tí òun ti ń sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ yanu díẹ̀."

Àsíátù yanu. Gbogbo wọn gbọ́ ọ: kọ́. Ó pa á dé wéré.

Lọ́jọ́ kejì, Àsíátù gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ti Bùsírátù, ó na àlùmọ́gàjí sí i. "Ọwọ́ la ó máa fi fà á. Èyí la ó máa fi gé e."

"Àrán yín ńkọ́?" ni Bùsírátù bi í láti abẹ́ báńdéèjì.

Àsíátù kò gbójú sókè. Ó fọwọ́ fa ìko, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un fà. "Mo ṣì ń wá a. Bó o bá mu ẹ̀kọ tán, wá bá mi tú àpótí aṣọ mi wò."