Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Ọ̀gá tó ń ṣètò ìlú tẹ́ àwòrán sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó ní títì tuntun ò ní dé ọ̀dọ̀ wa, torí “ibùdó oko” ni ìwé pe ibí. Bí títì bá yà kúrò, oníbàárà mi tán nìyẹn.

Mo fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. “Ọ̀gá, ‘ibùdó ọkọ̀’ ni. Ẹni tó kọ ọ́ ló gbàgbé àmì abẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti ti orí.”

Ó wo ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ àgbà tó wà lára ògiri mi, ó sì rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé léṣìí?”

“Ìdí tí mi ò fi tíì gbàgbé nìyẹn. Àbí àgbàdo ló ń fọn fèrè níta yẹn?”

Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ń pe èrò. Ó na pẹ́ńsùlù sí mi. Mo fi àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ fúnra mi, òun náà sì fa títì dé ẹnu ọ̀nà mi.