Nígbà Tí Ẹ̀rọ Amúnáwá Dákẹ́

Ẹnu olùkọ́ ń lọ, Bàbá Ẹ́ńjìnnì sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Orí òrùlé ilé-iṣẹ́ ni wọ́n wà, àwọn mẹ́rin tí wọ́n yàn láti kọ́ iṣẹ́ sólà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ gan-an. Olùkọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, kọjú sí àpótí tí gbogbo wáyà ti pàdé, ó ń ṣàlàyé, ó sì ń nawọ́. Bàbá Ẹ́ńjìnnì rí i pé ó tọ́ka sí wáyà pupa. Ó tún rí i pé ó tọ́ka sí ojú ihò tí wáyà náà máa wọ̀. Ó rò pé ó ti yé òun. Ó mú wáyà náà, ó tì í bọ ibẹ̀.

Iná ṣẹ́ yọ láti inú àpótí, ó dún gbàù. Olùkọ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó jókòó lulẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú mọ́ àyà. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Àwọn mẹ́ta yòókù ń wo Bàbá Ẹ́ńjìnnì bí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí.

Ohun tí olùkọ́ sọ gan-an ni pé kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kan wáyà pupa, torí ọwọ́ òun ṣì wà nínú àpótí. Gbogbo wọn ló gbọ́. Bàbá Ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò gbọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé kò gbọ́, torí ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀rọ̀ etí rẹ̀ pa mọ́.

Àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró, Bàbá Ẹ́ńjìnnì ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, wọ́n fún un ní ohun tí wọ́n fi ń bo etí. Rọ́bà rẹ̀ ya, ó fi òwú dí i fúngbà díẹ̀, òwú náà sú u, ó bá jù ú sílẹ̀. Kò béèrè òmíràn, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Nígbà tó yá, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nínú etí rẹ̀ bíi kẹ́tù tó ń hó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́nù, èyí tí wọ́n sọ jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ lọ, kó tó wá kan èyí tí wọ́n sọ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n inú ilé ẹ̀rọ, ariwo ni gbogbo èèyàn máa ń pa síra wọn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣàpèjúwe. Kò sí ibi tó tún dára ju ibẹ̀ lọ fún ẹni tí kò gbọ́ràn láti sá pa mọ́ sí.

Ìyẹn ni Màdáámú Má-dà-á-nù bá níbẹ̀ nígbà tó dé. Òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ àyíká kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá nìkan, pé ó gbọ́dọ̀ wọ inú iṣẹ́ oníkálukú. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń dáná sun ìdọ̀tí pákó lẹ́yìn ilé, ó máa hàn nígbà tí wọ́n bá ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lọ́dọọdún, ẹni tó bá sì wá ọ̀nà tí pákó kò fi ní ṣòfò á gba ìsinmi kún ìsinmi. Kó tó pẹ́, wọ́n ti fún un lórúkọ. Ó mọ̀ pé orúkọ òun nìyẹn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ pinnu láti ra sólà, ọ̀gá àgbà fẹ́ kí wọ́n fún àwọn ará ilé ẹ̀rọ lówó ìdágbére, kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Màdáámú kò gbà. Ó ní bí wọ́n bá ń tún afẹ́fẹ́ ṣe, tí wọ́n wá ń da èèyàn sígboro, iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe? Ó bá wọn fà á títí wọ́n fi gbà pé gbogbo àwọn ará ilé ẹ̀rọ, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò kọ́ iṣẹ́ tuntun náà.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ orí òrùlé yìí fi dùn ún ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo ilé-iṣẹ́ ti ń sọ pé Bàbá Ẹ́ńjìnnì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé kò fẹ́ kí wọ́n pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ búra pé òun gbọ́ ọ tó ní oòrùn kì í ṣe òfátáìmù. Lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.

Màdáámú fúnra rẹ̀ ló wá sí ilé ẹ̀rọ láti sọ fún un pé ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ fẹ́ rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń pariwo nítorí ẹ̀rọ tó ń dún, Bàbá Ẹ́ńjìnnì sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mo fi ṣe ẹ̀rí fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ohun tí mo lè sọ."

Bàbá Ẹ́ńjìnnì kàn nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, ó ń nù ún lọ, títí màdáámú fi jáde.

Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbejì wọn ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó wá ku àwọn méjèèjì nìkan nínú ilé. Nígbà kan rí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì tí kì í ròyìn fún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé ọkọ òun kì í dáhùn mọ́, tàbí kó dáhùn ohun tí òun kò bi í. Ó bínú, ó bínú, ó rẹ̀ ẹ́, ó wá yéé sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn kò ju ẹ káàbọ̀ àti oúnjẹ ti délẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ẹ́ńjìnnì sọ ohun gbogbo fún un, àyàfi ti etí. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó béèrè bóyá wọ́n ti gbé ọmọ tó jóná náà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Kò tíì dájú," ni ọkọ rẹ̀ fèsì. "Wọ́n lè má lé mi."

Ọwọ́ ìyàwó dúró nínú omi. Kò yíjú padà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ilé ń jó."

Ọkọ rẹ̀ ń tú okùn bàtà rẹ̀ lọ.

Ìyàwó wá yíjú padà wàyí, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó síwájú ọkọ rẹ̀ títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Láti ìgbà wo?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sí ibi tí òun ń sá lọ mọ́. Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí rọ́bà tó ya dé orí kẹ́tù tó ń súfèé.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ta ló fẹ́ fi adití síṣẹ́? Kí wọ́n máa pè mí ní alágídí tẹ́ mi lọ́rùn. Alágídí, wọ́n ṣì mọ̀ pé ó mọ ohun tó ń ṣe."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Látọjọ́ yìí ni mo ti ń bá yín jà nínú ọkàn mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló sú yín."

Ó sunkún díẹ̀. Bàbá Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́ ẹkún náà, èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n ló rí. Nígbà tó ṣe tán, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ ohun tó yẹ kó wí níwájú ìgbìmọ̀. Ó kàn sọ pé ọmọ tó jóná yẹn, ẹnì kan ló bí i, ẹni náà á sì fẹ́ mọ ohun tó jó ọmọ òun. Ó padà sídìí abọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà jókòó sí ìdí tábìlì, Màdáámú Má-dà-á-nù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olùkọ́ sì wà lódìkejì pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Fáànù ńlá kan ń yí lókè orí wọn, ariwo rẹ̀ sì ń gbé ohùn gbogbo mì. Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ díẹ̀ láìgbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. Màdáámú wá kọjú sí Bàbá Ẹ́ńjìnnì, ó rọra bi í bóyá ó gbọ́ nígbà tí wọ́n ní kí ó má fọwọ́ kan wáyà.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì ti ní èsì kan lẹ́nu. Ó fẹ́ sọ pé òun gbọ́, pé òun gbàgbé ni, pé àgbà ti ń dé. Wọ́n á kìlọ̀ fún un, ó parí. Ó wo ọwọ́ olùkọ́ náà lórí tábìlì. Ọmọ náà kò lè ju àwọn ìbejì rẹ̀ lọ.

"Mi ò gbọ́, màdáámú."

Ọ̀gá àgbà gbójú sókè. Ó ní báwo ni kò ṣe ní gbọ́, ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ gbágbá.

"Bí ẹ ṣe gbójú sókè ni mo fi mọ ohun tí ẹ sọ yìí, sà. Èyí tí ẹ ti ń sọ láti àárọ̀, tí ẹ ń wo fóònù, mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Etí mi ti lọ. Ẹ̀rọ ló mú un lọ, èmi náà sì fi í pa mọ́ fún yín." Ó yíjú sí olùkọ́. "Ọmọ mi, má bínú. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀."

Ọ̀gá àgbà kì í ṣe ìkà. Ó bá a kẹ́dùn, ó sì sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, pé ẹni tí kò gbọ́ràn kò gbọdọ̀ sún mọ́ wáyà iná, kí wọ́n fún un lówó tó jọjú kó lọ sinmi. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti da ọ̀rọ̀ náà dúró.

"Ẹ̀yìn ni mo kọ sí wọn, sà, nígbà tí mò ń sọ ọ́. Bí mo bá kọjú sí wọn ni, bàbá á rí ẹnu mi. Iná fúnra rẹ̀ kì í pariwo. Ojú la fi ń ṣọ́ ọ."

Màdáámú ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ó ní àwọn ti wọn èéfín tí ẹ̀rọ yẹn ń tú jáde, àwọn ti wọn epo tó ń jò sílẹ̀, àwọn tilẹ̀ ti lọ bi àwọn aládùúgbò bí ariwo rẹ̀ ń dà wọ́n láàmú. Ẹni tó ń bá a gbé nínú yàrá kan náà, òun kò bi í.

"Àyíká tí mo ní à ń tún ṣe, sà," ó sọ fún ọ̀gá àgbà, "mo gbàgbé pé èèyàn wà nínú rẹ̀."

Wọn kò parí ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá àgbà ní kí dókítà kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, kò sì ṣèlérí ohunkóhun. Dókítà ní etí ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, pé ó ṣì ku díẹ̀ nínú ti òsì, pé èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sínú etí tó lè ran èyí tó kù lọ́wọ́. Màdáámú ló ń tọ ọ̀gá àgbà lẹ́yìn títí tí ilé-iṣẹ́ fi rà á.

Ẹ̀kọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ń kọjú sí wọn wàyí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan àfi tí gbogbo wọn bá ti na ọwọ́ sókè. Bàbá Ẹ́ńjìnnì kò yára. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ìtìjú mú un, ó tún un ṣe, ó yege. Ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni wọ́n fi ṣe olórí ikọ̀ sólà. Ó dùn ún fúngbà díẹ̀, kò sọ ọ́ síta.

Màdáámú fẹ́ kí wọ́n yẹ etí àwọn tó ń la pákó náà wò, ṣùgbọ́n wọ́n ń yẹra. Ó wá bẹ Bàbá Ẹ́ńjìnnì pé kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó lọ bá wọn ní àkókò oúnjẹ. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré náà kúrò nínú etí rẹ̀, ó fi í hàn wọ́n lójú àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ ní irú rẹ̀ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò. Díẹ̀ ló lọ lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn lọ lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ amúnáwá, Bàbá Ẹ́ńjìnnì kò lọ wò ó. Ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó ti wà nílé. Ìyàwó rẹ̀ ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nídìí fèrèsé. Bàbá Ẹ́ńjìnnì gbé àga, ó gbé e yí tábìlì ká títí etí òsì rẹ̀ fi kọjú sí i, ó wá jókòó.

"Ìyá Ìbejì, kí lo ti ń sọ látọjọ́ yìí tí mi ò gbọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti pọ̀ jù. Èmi náà ti gbàgbé wọn."

"Sọ tòní fún mi."

Ó wò ó bóyá ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ó fi bírò sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọmọbìnrin kan tó sọ fún gbogbo kíláàsì pé bàbá òun ló ni òṣùpá. Nígbà tí ìtàn náà dé àárín, ọ̀rọ̀ kan bọ́ sọ́nù. Bàbá Ẹ́ńjìnnì sún àga rẹ̀ mọ́ tirẹ̀.

"Dúró ná," ó ní. "Tún ibẹ̀ sọ."

Ìyàwó rẹ̀ tún un sọ.